Ẹ Wọn Ọmọ Kí Ẹ Tó Wọn Oògùn Fún Un

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń mú wá sí abala ìlera ìdílé yìí, kò sí èyí tó wọ́pọ̀ tó èyí: “Ara ọmọ mi ń gbóná, ṣíbí mélòó ni kí n fún un?” Ìbéèrè náà dára, nítorí ẹni tó béèrè sàn ju ẹni tó kàn da oògùn sí ọmọ lẹ́nu lọ. Ṣùgbọ́n dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní dá yín lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun méjì ni yóò kọ́kọ́ bi yín: kílò mélòó ni ọmọ náà, kí sì ni wọ́n kọ sára ìgò oògùn tí ẹ mú dání? Bí a kò bá tíì mọ méjèèjì, kò tíì yá láti ṣí ìgò.

Ọ̀rọ̀ oògùn ibà àti ti ara ríro tí a máa ń rà láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà ni a fẹ́ sọ lóṣù yìí, pàápàá jù lọ paracetamol, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ kò ní bá a níbẹ̀. Nítorí pé a ń rí i níbi gbogbo, àwọn kan rò pé kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Oògùn tó dára ni, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀rù rẹ̀. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ, ó wà lára àwọn oògùn tí ọkàn àwọn dókítà balẹ̀ sí jù lọ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ìwọ̀n, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, ọmọ sì lè ti ibẹ̀ kú.

Ọjọ́ orí ọmọ ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń díwọ̀n oògùn: ọmọ ọdún kan, ṣíbí kan, ọmọ ọdún méjì, ṣíbí méjì. Àwọn mìíràn ń fi bí ara ọmọ ṣe gbóná tó díwọ̀n rẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń le sí i ni wọ́n ń fi kún oògùn. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ohun tí ìyá ilé kejì fún ọmọ tirẹ̀ náà ni wọ́n ń fún ọmọ tiwọn. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ kì í béèrè ọdún tí ìkòkò ti wà nílé kó tó bu iyọ̀ sí i. Bí ìkòkò ṣe tóbi tó àti bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni yóò wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oògùn rí. Bí ọmọ bá ti gbé e mì, inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò wọ̀ lọ, yóò sì tàn ká gbogbo ara. Ara kékeré kò ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ẹ̀dọ̀ inú rẹ̀ náà kò sì tóbi.

Ẹ wo ọmọ méjì tí wọ́n jọ pé ọdún méjì. Ọ̀kan jẹ́ kílò 13, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Èkejì ti ṣàìsàn títí, kò jẹun dáadáa, kílò 8 péré ni. Bí a bá fún àwọn méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà nítorí pé ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, ohun tó tọ́ sí ọmọ àkọ́kọ́ yóò pọ̀ jù fún èkejì. Ọmọ tó rù yìí gan-an ni ara rẹ̀ kò sì lágbára láti fara da àpọ̀jù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọjọ́ orí ni wọ́n kọ sára páálí oògùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ gbà pé ọmọ tí ẹ fẹ́ fún ní oògùn ní ìwọ̀n ara tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 2011, ọmọ ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo lára ìgò paracetamol olómi. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ àti ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé! Ọdún yẹn ni ìjọba wọn pín in sí wẹ́wẹ́: láti oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà lọ́tọ̀, láti oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì lọ́tọ̀, láti ọdún méjì sí mẹ́rin lọ́tọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọjọ́ orí lè sún mọ́ ìwọ̀n ara. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n yàn fún ọmọ ọdún méjì níbẹ̀ yóò ṣì pọ̀ jù fún ọmọ kílò 8 tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá kéré sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀lé ọjọ́ orí ara páálí. Kílò rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Báwo ni ìṣirò náà ṣe lọ? Oògùn ni a ń fi mílígíráàmù wọ̀n, èyí tí wọ́n ń kọ ní mg. Omi tó gbé oògùn náà dání ni a ń fi mílílítà wọ̀n, èyí tí wọ́n ń kọ ní ml. Ẹ má ṣe jẹ́ kí méjèèjì dà pọ̀ mọ́ra, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá. Ìwọ̀n paracetamol fún ọmọdé lẹ́ẹ̀kan ni 10 mg sí 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí a tó fún un ní òmíràn, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Bí a bá kó gbogbo èyí tó mu láàárọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì pọ̀, kò yẹ kó ju 60 mg lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọ kílò 12. Ìlọ́po 10 àti 12 jẹ́ 120. Ìlọ́po 15 àti 12 jẹ́ 180. Nítorí náà, 120 mg sí 180 mg ni ọmọ yìí lè mu lẹ́ẹ̀kan. Ó kù kí á wo ìgò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà ni èyí tí wọ́n kọ 120 mg tàbí 125 mg sí fún 5 ml. Bí ó bá jẹ́ 120 mg ni, 5 ml yóò fún ọmọ náà ní 120 mg, 7.5 ml yóò sì fún un ní 180 mg. Kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgò mìíràn wà tí 250 mg wà nínú 5 ml rẹ̀. Fún ọmọ tó ti dàgbà tó ọdún mẹ́fà ni wọ́n ṣe é. Bí ìyá bá bu 5 ml nínú rẹ̀ fún ọmọ kílò 12 yìí, ó ti fún un ní nǹkan bí 21 mg fún kílò kan. Oògùn ẹlẹ́kán-ń-kán tí a ń fún ìkókó tún léwu ju èyí lọ, èyí tí ìgò rẹ̀ kéré tó sì ní ohun tí a fi ń kán an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé ti ìkókó ni, kò lágbára. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Wọ́n mú un le ni kí ìkókó má baà gbé omi púpọ̀ mì. A máa ń rí èyí tí 100 mg wà nínú 1 ml rẹ̀. Ẹni tó bá bu 5 ml irú rẹ̀ fún ọmọ kílò 12 ti fún un ní 500 mg, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó pọ̀ jù lọ tó yẹ kó mu lẹ́ẹ̀kan. Ṣíbí kan náà, ọmọ kan náà, ìgò ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgò yìí kan àwọn tí ẹbí wọn wà lókè òkun pẹ̀lú. Inú wa máa ń dùn bí àǹtí bá ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà dé tó sì kó oògùn ọmọ wá. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì ka ara ìgò. Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í pè é ní paracetamol rárá. Acetaminophen ni wọ́n ń kọ, Tylenol sì ni orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Oògùn kan náà ni. Ìyá tí kò mọ̀ lè fún ọmọ ní Tylenol, kó tún fún un ní paracetamol ilé, kó rò pé oríṣi méjì ni. Ti Amẹ́ríkà sì ń ní 160 mg nínú 5 ml, kì í ṣe 120. Láti ọdún 2011 ni àwọn tó ń ṣe é lọ́hùn-ún ti gbà láti sọ oògùn olómi ti ìkókó àti ti ọmọdé di agbára kan ṣoṣo yìí, nítorí pé ti ìkókó le púpọ̀ tẹ́lẹ̀, àṣìṣe sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn òbí.

Ṣíbí tí a fi ń ro tíì ńkọ́? Ẹ dá a padà sínú agolo rẹ̀. Ṣíbí kékeré tí dókítà ní lọ́kàn jẹ́ 5 ml, ṣùgbọ́n ṣíbí ilé kò bá ara wọn mu. A lè rí èyí tí kò gbà ju 3 ml lọ, a sì lè rí èyí tó gbà 7. Ní ti ṣíbí ńlá tí a fi ń jẹ ìrẹsì, ẹ má ṣe dá a láṣà rárá, nítorí 15 ml ni ó sábà máa ń gbà. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi sọ ní ọdún 2015 pé ml nìkan ni kí á máa fi wọn oògùn olómi fún ọmọdé, kí á má sọ̀rọ̀ ṣíbí mọ́. Ife kékeré tàbí ṣíbí oníke tó wà nínú páálí ni kí ẹ lò. Èyí tó dára jù ni síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Ẹ lè rà á ní ilé oògùn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ẹ máa fi tú u sí díẹ̀díẹ̀, kí ó má lọ sí ọ̀nà ọ̀fun tààrà.

Àwọn mìíràn máa ń ṣẹ́ hóró àgbàlagbà sí méjì fún ọmọ. Hóró kan jẹ́ 500 mg, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 250 mg. Ọmọ kílò 20 lè mu ìdajì yẹn, ó tọ́ sí i. Ọmọ kílò 12 kò lè mu ún. Ìdámẹ́rin hóró ni yóò sún mọ́ tirẹ̀, ta ni yóò sì ṣẹ́ hóró sí mẹ́rin tí yóò dọ́gba?

Ẹ ó wí pé, “Níbo ni a ó ti rí ìwọ̀n ọmọ?” Ẹ wo káàdì àjẹsára rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ni nọ́ọ̀sì ń gbé e sórí òṣùwọ̀n tó sì ń kọ kílò rẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Bí káàdì náà bá ti pẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n lákọ̀tun, nítorí ìkókó máa ń tóbi kíákíá. Fún ọmọ tó ti ń rìn, ẹ lè lo òṣùwọ̀n tí àgbàlagbà ń dúró lé: ẹ gbé ọmọ mọ́ra, ẹ gun orí rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà, ẹ wá gùn ún ní ẹ̀yin nìkan, kí ẹ yọ èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ìyá tó jẹ́ kílò 68, tí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ jẹ́ 80, kílò 12 ni ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibi tí bàbá, ìyá àgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀ yóò ti máa rí i. Ara ń gbóná ní òru, iná lè má sí, ìyá sì lè má sí nílé. Àkókò yẹn kọ́ ni ẹnikẹ́ni ń wá òṣùwọ̀n.

Kì í sì í ṣe paracetamol nìkan ni ó ń tẹ̀lé kílò. Bí ẹ bá wo páálí oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní artemether-lumefantrine, èyí tí wọ́n ń lò fún ibà tí ẹ̀fọn ń kó ran ni, ẹ ó rí i pé kílò ni wọ́n fi pín in: ọmọ kílò 5 títí dé 14, hóró kan lẹ́ẹ̀kan, kílò 15 títí dé 24, hóró méjì, kílò 25 títí dé 34, mẹ́ta, láti kílò 35 lọ sókè, mẹ́rin.

Èyí tún mú wa dé ohun tí a ń fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi sọ́kàn gidigidi. Paracetamol kì í pa kòkòrò ibà. Ó lè mú kí ara tutù, kí ọmọ máa ṣeré, kí òbí sì rò pé ó ti tán, nígbà tí kòkòrò náà ṣì ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí á máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí a bá fura pé ó ní ibà yìí kí á tó fún un ní oògùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka ni, èsì rẹ̀ sì ń jáde láàárín bí ogún ìṣẹ́jú. Bí ara ọmọ bá gbóná lónìí, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní nǹkan kan fúnra yín, àfi bí nọ́ọ̀sì bá ti sọ ohun tí ẹ ó ṣe lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ ọjọ́ orí yòówù tí kò lè mu omi tàbí ọyàn mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu, tí gìrì mú, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má ṣe ka ṣíbí fún un. Ẹ gbé e, ẹ máa lọ.

Ìbẹ̀rù gìrì ni ó sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyá máa fún ọmọ ní oògùn ju bó ti yẹ lọ. A mọ ìbẹ̀rù náà. Ẹni tó bá ti rí ọmọ nínú gìrì rí kò lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn pé paracetamol kò dènà gìrì tí ara gbígbóná máa ń fà. Kí ọmọ lè rí ìtura ni a ṣe ń fún un. Bí ara rẹ̀ bá gbóná díẹ̀, tó ń ṣeré, tó ń jẹun, kò fi dandan pé kí ẹ fún un ní nǹkan kan ju omi tàbí ọyàn àti aṣọ fúyẹ́ lọ. Bí ó bá dé 38.5 lórí ohun tí a fi ń wọn ooru ara, tí ara sì ń ni í, nígbà náà ni kí ẹ lò ó. Bí gìrì bá mú un, ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, ẹ má sì rọ àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe fún un. Láti ìgbà ọdún 1970 síwájú ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa àgbo yẹn; ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì máa ń mú kí èémí rẹ̀ rẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí gìrì bá lọ, ọsibítù ṣì ni, kí wọ́n lè wá ohun tó fà á.

Ibuprofen náà ti pọ̀ lọ́jà báyìí. Tirẹ̀ jẹ́ 5 mg sí 10 mg fún kílò kan, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ síra. Ìgò rẹ̀ sábà máa ń ní 100 mg nínú 5 ml, nítorí náà ọmọ kílò 12 lè mu 3 ml sí 6 ml. A kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tàbí tí kò tó kílò 5. A kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, nítorí ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ SS, a mọ bí egungun ríro ṣe ń dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú ọmọ náà sọ èyí tó yẹ fún un àti iye ọjọ́ tí ẹ ó fi lò ó.

Aspirin kò sí fún ọmọdé. Ó lè fa àìsàn kan tí ń ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ọmọ jẹ́ lẹ́yìn ọ̀fìnkìn líle. Ìdí nìyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fòfin de é fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní ọdún 1986, tí wọ́n sì gbé e dé ọdún 16 ní ọdún 2002. Nílé wa níbí, ẹ rántí pé aspirin wà nínú Alabukun, ìyẹ̀fun tí gbogbo wa mọ̀ láti Abẹ́òkúta. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. A kò gbọdọ̀ bu ún sómi fún ọmọ.

Bí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan bá tilẹ̀ tọ́, ó lè di àpọ̀jù bí ọwọ́ tó ń fún ọmọ bá pọ̀. Bàbá fún un ní aago mẹ́fà kó tó jáde. Ìyá àgbà rí i pé ara ń gbóná ní aago mẹ́jọ, òun náà fún un. Wọ́n gbé e dé ilé kẹ́míìsì, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ara tutù, paracetamol sì ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ní alẹ́, wọ́n ra oògùn ọ̀fìnkìn olómi, òun náà ní paracetamol nínú. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ṣe ìkà. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é. Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹni tó bá fún ọmọ ní oògùn kọ aago, orúkọ oògùn àti iye ml síbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ pé kí ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbé ọmọ wá sí ìṣọ́ òru, oògùn ibà kì í ṣe oògùn oorun. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá kó lè dákẹ́.

Fífún ọmọ ní oògùn tó kéré jù náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá tó bu 2.5 ml fún ọmọ kílò 20 yóò rí i pé ara kò tutù, yóò sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, yóò tún fún un lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn náà yóò fi òmíràn kún un. Bí ìwọ̀n bá tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ìkánjú. Ó sì ń tó nǹkan bí wákàtí kan kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù dáadáa.

Kí ni àpọ̀jù ń ṣe nínú ara? Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú paracetamol palẹ̀. Bí ó ti ń ṣe é, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di májèlé, ara sì ní èròjà kan tí ń pa májèlé náà. Bí oògùn bá pọ̀, èròjà yìí yóò tán, májèlé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀dọ̀. Ọmọ tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan tàbí tó ti rù kò ní èròjà náà púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń tan òbí jẹ ni pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ lè má ṣe bí ẹni tí nǹkan ṣe. Ó lè bì díẹ̀, ó lè má fẹ́ jẹun, èyí tí a ó sọ pé ibà ló fà á. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni inú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lábẹ́ ìhà ọ̀tún, tí ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n bí òróró ẹyìn.

Ọ̀rọ̀ àyederú oògùn yàtọ̀ sí èyí, àmọ́ a kò lè fò ó. Ní ọdún 1990, àwọn ọmọ kú ní Ìbàdàn àti Jos nítorí paracetamol olómi tí wọ́n fi kẹ́míkà olóró pò; ní ọdún 2008, kẹ́míkà kan náà wà nínú oògùn eyín yíyọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin, ọmọ tó lé ní 80 ló sì bá a lọ. Ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti máa rà á, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò kọjá lílò.

Àwọn àgbà náà ní kílò tiwọn. Hóró kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, tí kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ lójúmọ́, wà fún àgbàlagbà tó jẹ́ kílò 50 lọ sókè. Ìyá àgbà tó ti gbẹ tó jẹ́ kílò 40, hóró kan ni kó máa lò lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ láàárín wákàtí 24.

Bí ẹ bá rí i pé ọmọ ti mu ju bó ti yẹ lọ, ìbáà jẹ́ pé ẹ ṣèèṣì ni, ìbáà jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló gun àga tó sì gbé ìgò mu nítorí dídùn rẹ̀, ẹ má ṣe dúró kí àmì kankan hàn. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Oògùn kan wà ní ọsibítù ńlá tí ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀, acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí ọmọ bá rí i gbà láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ẹ gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ìgò náà dání bó ti wà, kí ẹ sọ fún dókítà kílò tí ọmọ jẹ́, aago tó mu ún, àti ibi tí oògùn wà nínú ìgò kó tó mu ún.